Ọjọ́ Ìdọ̀tí Tútù, Ọjọ́ Ìdọ̀tí Gbígbẹ: Ohun Tó Yẹ Kí Kánsù Kọ́kọ́ Ṣe Kí Àtúnlò Tó Lè Gbèrú ní Òṣogbo

Omi ọbẹ̀ ló ń ba páálí jẹ́. Ẹ da ìyókù ẹ̀wà, èèpo iṣu àti ewé mọ́ínmọ́ín sínú àpò kan náà pẹ̀lú páálí, ìgò ike àti agolo tòmátì, kí ẹ so ó lẹ́nu, kí ẹ gbé e sẹ́yìn ilé fún ọjọ́ mẹ́rin. Kí ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí tó dé, páálí ti rà, ìdin ti kún inú agolo, òróró ti lẹ̀ mọ́ náílọ́ọ̀nù, òórùn rẹ̀ kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fẹ́ tú u wò. Gbogbo ohun tó wà nínú àpò yẹn ló wúlò nígbà tó ṣì wà ní ilé ìdáná. Bí wọ́n ṣe jọ sùn pọ̀ ló sọ gbogbo wọn di ẹrù ààtàn.

Ibi tí a ti sábà ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ àtúnlò kò dáa. A ó gbé ike aláwọ̀ mẹ́ta sí oríta, a ó kọ “ìwé”, “ike” àti “agolo” sí i lára, a ó ya fọ́tò, kò sì ní pẹ́ tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á fi kún fún ohun kan náà. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti àwọn ará àdúgbò nìkan. Èèyàn kì í ya ìdọ̀tí sọ́tọ̀ ní oríta. Inú ilé ló ti ń yà á, nígbà tí èèpo ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ètò kò bá sì sọ fún un ibi tí èèpo tútù yóò gbà jáde nínú ilé, yóò dà á lé ohun gbígbẹ lórí, torí òórùn rẹ̀ kò ṣe é fara dà.

Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyí, òun náà ni mo sì fẹ́ fẹ̀ lójú: ìdọ̀tí tútù ni kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ́kọ́ mójú tó. Kí wọ́n máa kó o lọ́tọ̀, ní ọjọ́ tirẹ̀, nínú ọkọ̀ tirẹ̀, láìyẹ̀. Tí èyí bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ìṣòro ike, páálí àti irin á dín kù jọjọ, nítorí àwọn tó ń rà wọ́n ti wà láàárín ìlú tipẹ́tipẹ́.

Àfikún kẹrin sí ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka dída ìdọ̀tí nù mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun náà ní àjọ tirẹ̀ tó ń rí sí ìdọ̀tí, ìlú Òṣogbo gan-an sì wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ méjì: Òṣogbo, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Òkè Baálẹ̀, àti Ọlọ́rundá, tí tirẹ̀ wà ní Ìgbọ̀nà. Ẹni tó ń gbé ní ààlà àwọn méjèèjì kò mọ ààlà kankan. Bí ọkọ̀ bá kọjá ní òdìkejì títì lónìí, ibẹ̀ ni yóò gbé àpò rẹ̀ lọ. Nítorí náà, bí ìjọba ìbílẹ̀ kan bá ń ya ìdọ̀tí sọ́tọ̀ tí èkejì kò yà á, òfo ni. Kí àwọn méjèèjì jókòó pọ̀, kí wọ́n fẹnu kò lórí ọjọ́ kan náà àti àwọ̀ àpò kan náà. Ìpàdé ọjọ́ kan lásán ni, kò ná wọn ní nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń jáde nínú ilé kan. Ní àwọn ìlú wa, ìdọ̀tí èèyàn kan lóòjọ́ kì í jìnnà sí ìdajì kílò. Ilé ẹlẹ́ni mẹ́fà á dá kílò 3 lóòjọ́, kílò 21 lọ́sẹ̀. Ó lé ní ìlàjì rẹ̀ tó jẹ́ ohun tútù, torí pé àwa kì í ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ti bó nínú ike. A ń ra iṣu pẹ̀lú èèpo, àgbàdo pẹ̀lú háhá, ẹ̀fọ́ pẹ̀lú igi. Ká fi í sí kílò 12. Ká sọ pé ike, agolo, páálí àti ìgò jọ jẹ́ kílò 4. Kílò 5 tó kù ni páńpáàsì, àkísà, eérú àti yanrìn. Wọ́ọ̀dù kan á yàtọ̀ sí òmíràn, kánsù gbọ́dọ̀ wọn tirẹ̀ fúnra rẹ̀, àmọ́ ìṣirò yìí tó láti fi hàn pé ẹni tó bá ń lé ike nìkan kiri, tó sì fi ohun tútù sílẹ̀, kò lè ṣe àtúnlò ju ìdá díẹ̀ nínú ìdọ̀tí ìlú lọ, bó ti wù kó sapá tó.

Ọ̀rọ̀ yanrìn yẹn ń dùn mí. Àràárọ̀ là ń gbálẹ̀ àgbàlá, ohun tó dáa ni, ṣùgbọ́n tí a bá kó ilẹ̀ tí a gbá tòun ti erùpẹ̀ sínú àpò, kánsù á máa sun dísù láti gbé ilẹ̀ àgbàlá wa lọ sí ààtàn, òjò á sì máa wa ẹsẹ̀ ògiri wa síta. Ẹ fi ẹsẹ̀ tàbí ìgbálẹ̀ gbọn ilẹ̀ náà, ẹ ṣa ewé sínú ohun tútù, ṣa náílọ́ọ̀nù sínú ohun gbígbẹ, kí ẹ dá erùpẹ̀ padà síbi tó ti wá. Yanrìn tún máa ń jẹ eyín ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ike, ìdí nìyí tí olùrà fi máa ń yọ owó lórí ẹrù tó bá gbọ́ tó ń ró ṣàkàṣàkà nígbà tó bá mì ín.

Bákẹ́ẹ̀tì ọ̀dà oní-lítà 20 tó ní ìdérí ló yẹ ìdọ̀tí tútù jù nínú ilé. Ó wọ́pọ̀, kò wọ́n, eku kò lè ya á, ọmọdé sì lè gbé e tí kò bá tíì kún. Ẹ tẹ́ ewé gbígbẹ tàbí lẹ́búlẹ́bú pákó láti sọ́míìlì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, kó máa fa omi mu. Ẹ kọ́kọ́ ro omi ọbẹ̀ kúrò kí ẹ tó da ìyókù sí i. Omi ló ń fa òórùn, omi náà ló ń mú kí bákẹ́ẹ̀tì wúwo. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá da nǹkan sí i, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ lẹ́búlẹ́bú kan lé e lórí. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, háhá, èérí ògì, ewé tí a fi pọ́n ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, ìyókù oúnjẹ, egungun ẹja, páálí tí òróró ti bà jẹ́, gbogbo wọn wọ ibẹ̀. Náílọ́ọ̀nù kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ rárá, kódà èyí tí a fi di èèpo. Ilé tó bá ń sin ewúrẹ́, kí ewúrẹ́ kọ́kọ́ jẹ tirẹ̀. Ìyẹn àtúnlò tó ti dàgbà ju ìjọba lọ. Kìkì èèpo ẹ̀gẹ́ ni kí ẹ sá sóòrùn dáadáa kí ẹran tó jẹ ẹ́, torí májèlé inú rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló yẹ kí ọkọ̀ wá kó bákẹ́ẹ̀tì yìí, ìdí rẹ̀ sì wà lára eṣinṣin. Nínú ooru tiwa, ẹyin eṣinṣin máa ń pa láàárín ọjọ́ kan. Ìdin rẹ̀ á jẹun fún bí ọjọ́ mẹ́rin sí méje kó tó wọ́ jáde lọ wá ilẹ̀ gbígbẹ tí yóò ti yí padà. Bí ọkọ̀ bá ń wá ní Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè, ìdin á bá bákẹ́ẹ̀tì lọ kó tó di eṣinṣin. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni, ilé kọ̀ọ̀kan á di ibi tí eṣinṣin ti ń pamọ, àwọn ìyàwó ilé á sì pa ètò náà tì láàárín oṣù kan. Ẹjọ́ wọn kọ́.

Àwọn kan fẹ́ràn láti tọ́ka sí Wales, ní ilẹ̀ Bìrìtéènì, ó sì yẹ ká wò wọ́n. Òfin wọn pàṣẹ fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ pé kí àtúnlò dé ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2012 sí 2013, ìdá 58 ní 2015 sí 2016, ìdá 64 ní 2019 sí 2020, àti ìdá 70 ní 2024 sí 2025. Ohun tó gbé wọn débẹ̀ jù ni pé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń kó ìyókù oúnjẹ lọ́tọ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ọjọ́ kíkó ìdọ̀tí àṣẹ́kù, ìyẹn èyí tí kò ṣe é tún lò, jìnnà síra, ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. A lè kọ́ ọgbọ́n yẹn lọ́dọ̀ wọn. Àmọ́ òtútù wà níbẹ̀. Oúnjẹ lè jókòó fún ọjọ́ méje. Ẹni tó bá gbé ọjọ́ méje wọn wá sí Òkè-Fìà tàbí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun kò ro ti oòrùn wa.

Kò yẹ kí ohun tútù tí wọ́n bá kó lọ jìnnà. Ilẹ̀ kékeré kan ní wọ́ọ̀dù, tó ga díẹ̀, tó jìnnà sí kànga àti ẹsẹ̀ odò, ti tó. Wọ́n á tò ó ní òkìtì gbọọrọ, tó ga ní mítà kan ààbọ̀, tó fẹ̀ ní mítà méjì: ohun tútù apá kan, ewé gbígbẹ àti lẹ́búlẹ́bú pákó apá méjì, tí a bá fojú wọ̀n ọ́n. Ìgbẹ́ adìẹ, tí kò wọ́n wa, á mú kó tètè gbóná. Àárín òkìtì náà gbọ́dọ̀ dé 55°C, kó sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí kòkòrò àrùn àti èso koríko tó lè kú. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ìwọ̀n ooru lè ki irin gígùn bọ àárín rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Tí irin náà bá gbóná débi pé ọwọ́ kò lè dì í mú pẹ́, òkìtì ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kí wọ́n fi ṣọ́bìrì yí i padà. Tí ó bá ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, omi ti pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ kò wọlé: ẹ yí i, kí ẹ fi lẹ́búlẹ́bú kún un. Tí ó bá tutù tí kò rùn, ó ti gbẹ jù tàbí kó kéré jù. Ẹ bù ú sọ́wọ́ kí ẹ fún un. Ẹ̀kán omi kan tàbí méjì ló yẹ kó jáde láàárín ìka. Nígbà òjò, ẹ fi tapólì bò ó lórí, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, yóò ti dúdú, yóò máa rùn bí ilẹ̀ igbó lẹ́yìn òjò, yóò sì ti dín kù tó ìdajì. Kí wọ́n jọ̀ ọ́. Àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ lẹ́bàá odò ni oníbàárà rẹ̀ àkọ́kọ́, torí owó fàtíláísà ń ga sókè. Ohun kan ló lè lé wọn sá: àfọ́kù ìgò. Ẹni tí ìgò bá gún lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú ajílẹ̀ kánsù kò ní padà wá rà á, yóò sì sọ fún gbogbo ẹni tó ń bá a dá oko. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé yíyà á sọ́tọ̀ nílé ló níye lórí, kì í ṣe kí wọ́n máa ṣà á ní ààtàn.

Ní ti ohun gbígbẹ, àpò ìrẹsì oní-kílò 50 kan fún ilé kọ̀ọ̀kan tó, kí wọ́n gbé e kọ́ sára ìṣó lábẹ́ òrùlé, kó má ṣe fara kan ilẹ̀. Kò pọn dandan kí ilé ya ike sọ́tọ̀ kúrò lára agolo. Ẹ má ṣe dá ẹrù tí ó pọ̀ jù lé wọn lórí. Ẹ sọ òfin méjì péré: kó ṣófo, kó gbẹ. Omi tí a fi ṣan àwo kẹ́yìn ni kí ẹ fi ṣan agolo mílíìkì, ẹ má ṣe fa omi tuntun nínú kànga torí rẹ̀, pàápàá nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí náílọ́ọ̀nù piọ́ wọ́tà, torí òun ló ń dí gọ́tà wa jù. Ọ̀rá oní-50cl kan wọn bíi gíráàmù méjì. Kílò kan á gba nǹkan bí 500, ìyẹn báàgì 25. Ilé tó ń mu báàgì mẹ́ta lọ́sẹ̀ ń dá ọ̀rá 60, gíráàmù 120 péré. Yóò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kó tó pé kílò kan. Ta ni yóò fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ tọ́jú ọ̀rá nítorí owó kílò kan? Kò sí ẹni tó lè dá a ṣe, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ ló ń ṣe wọ́n. Àmọ́ òpópónà ilé 50 á dá kílò mẹ́fà lọ́sẹ̀, wọ́ọ̀dù á dá ọgọ́ọ̀rọ̀ọ̀rún. Kíkó wọn jọ ni iṣẹ́ tí ará ilé kò lè dá ṣe, ibẹ̀ gan-an sì ni ìwúlò kánsù wà. Kí ilé kọ̀ọ̀kan gbọn omi kúrò nínú ọ̀rá, kó kó wọn sínú ọ̀rá ńlá tí báàgì fúnra rẹ̀ fi wá. Ẹ̀kán omi tó kù nínú rẹ̀ lè wúwo ju ọ̀rá náà lọ, olùrà sì mọ̀. Bí ẹrù bá tutù, yóò gé e lówó tàbí kó dá a padà.

Ìgò ike tí a fi ń ta omi àti mínírà, tí nọ́ńbà 1 wà ní ìdí rẹ̀, wọn bíi gíráàmù 20 sí 25 tó bá jẹ́ oní-75cl, nítorí náà ogójì tàbí àádọ́ta ló ń wọ kílò kan. Ẹ fún un mọ́ra kó má gba àyè. Ìdérí rẹ̀ kì í ṣe irú ike kan náà. Níbi tí wọ́n ti ń fọ̀ wọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lọ̀ wọ́n, ara ìgò á rì sínú omi, ìdérí á léfòó, báyìí ni wọ́n ṣe ń yà wọ́n. Ẹ má sọ ìdérí nù. Èyí tó ń bà wọ́n lọ́kàn jẹ́ ni nọ́ńbà 3, irú ike tí wọ́n fi ń ṣe páìpù omi. Díẹ̀ nínú rẹ̀ tó bá wọ àárín nọ́ńbà 1 á jóná nínú ẹ̀rọ, á tu ásíìdì jáde, á sì sọ gbogbo rẹ̀ di pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Kéègì òróró, ike ìpara àti ike ọṣẹ jẹ́ nọ́ńbà 2 tàbí 5. Ọjà wọn yá.

Agolo tòmátì àti ti mílíìkì jẹ́ irin, mágínẹ́ẹ̀tì á gbé wọn. Agolo ohun mímu kì í gbé mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì, alumíníọ́mù ni, òun ló sì níye lórí jù nínú àpò náà: yíyọ́ rẹ̀ ló ń gba nǹkan bí ìdá márùn-ún péré nínú ọgọ́rùn-ún agbára tí wọ́n fi ń ṣe tuntun láti inú òkúta. Àwọn tó ń rọ ìkòkò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bátìrì kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ àpò yìí. Òjé tó bá bá irin yọ́ pọ̀ lè padà wá sínú ìkòkò ọbẹ̀. Ìgò gíláàsì tó ní kiréètì, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Èyí tí kò ní, àwọn olóròóró àti ẹlẹ́pà ń wá a. Àfọ́kù, ẹ di í sínú páálí, ẹ fi okùn so ó, torí ọwọ́ ẹni tí yóò kó o kì í ṣe irin.

Ó yẹ ká sọ òtítọ́ nípa ohun tí kò sí olùrà fún. Tékàwéè funfun, ọ̀rá bísíkíìtì tó ń dán nínú, páńpáàsì, páàdì, àkísà tó ti gbó: ààtàn ni wọ́n ń lọ. Ẹni tó bá kó wọn sínú àpò gbígbẹ pẹ̀lú ìrètí pé “wọ́n á rí nǹkan ṣe sí i” ń fi kún iṣẹ́ ẹni tí ń ṣà á ni. Kí ọkọ̀ wá kó àwọn wọ̀nyí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Páńpáàsì kò lè dúró jù bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ wá ńkọ́? Ọkọ̀ ńlá tó ń fún ìdọ̀tí pọ̀ dára fún àṣẹ́kù, àmọ́ ó ń pa ohun gbígbẹ: yóò fọ́ ìgò mọ́ inú páálí, páálí ò ní ṣe é tà mọ́. Kò sì lè wọ ọ̀pọ̀ àdúgbò àtijọ́ tó wà láàárín ìlú, níbi tí ilé ti kọjú síra tí ọ̀nà kò gba ju ọ̀kadà lọ. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló yẹ wọ́n, ọmọlanke ló sì máa parí iṣẹ́ níbi tí kẹ̀kẹ́ kò bá lè dé. Kẹ̀kẹ́ ohun tútù gbọ́dọ̀ ní àpótí irin tí kò jò, pẹ̀lú ẹnu ẹ̀rọ nísàlẹ̀ tí wọ́n á fi máa tú omi rẹ̀ sílẹ̀ níbi òkìtì, kó má bàa máa kán sí títì. Ti gbígbẹ yàtọ̀: ẹ gbé wáyà sókè ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí àyè ló ń gbà, kò wúwo. Ilé 200 nínú wọ́ọ̀dù kan á dá kílò 1,200 ohun tútù nígbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá wá kó o, ìrìnàjò mẹ́ta bí kẹ̀kẹ́ bá ń gbé 400. Ohun gbígbẹ wọn kò ju kílò 800 lọ lọ́sẹ̀, ṣùgbọ́n mítà kúbíìkì kan rẹ̀ tí wọn kò fún pọ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ju 50 kílò lọ. Bí àpótí bá gba mítà kúbíìkì kan ààbọ̀, ìrìnàjò bíi mọ́kànlá ni. Ẹni tó bá fi ìwúwo nìkan ṣètò ọkọ̀ yóò kó ìdajì, ilẹ̀ á ṣú, àwọn tó gbé àpò síta láti àárọ̀ á gbé e padà wọlé. Lẹ́ẹ̀mejì tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, wọ́n ti padà sí ọ̀nà àtijọ́. Ẹ pín àwọn ilé náà sí méjì, kí ẹ kó ìdajì ní ọjọ́ kan, ìdajì kejì ní ọjọ́ mìíràn nínú ọ̀sẹ̀ kan náà. Ohun gbígbẹ lè dúró de ọjọ́ tirẹ̀ láìrùn, bó bá gbẹ lóòótọ́.

Kò sí ohun tó tètè ń pa ètò yìí bí kí ará ilé rí i tí wọ́n da àpò méjèèjì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà sínú ọkọ̀ kan náà. Kò ní gbà yín gbọ́ mọ́ láyé. Tí ọkọ̀ gbígbẹ bá bàjẹ́, ẹ fi ẹrù sílẹ̀ sílé, ẹ kéde rẹ̀ lórí rédíò àti nínú WhatsApp ẹgbẹ́ onílé kó tó di aago mẹ́jọ àárọ̀, kí ẹ sọ ọjọ́ tuntun. Ẹ má ṣe “ran ara yín lọ́wọ́” nípa kíkó o pọ̀.

Àwọn baba tó ń ti báárò kiri, tí a ń pè ní babanbọ́là, ti ń ṣe àtúnlò ní Òṣogbo kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní sẹkitéríàtì. Wọ́n mọ iye tí bàbà àti alumíníọ́mù ń lọ, wọ́n mọ ilé tó ní fìríìjì tó bàjẹ́. Kánsù tó bá fẹ́ lé wọn kúrò yóò rí i pé ohun tó níye lórí ti kúrò nínú àpò kó tó débẹ̀, yóò sì kù ú ku ọ̀rá àti páálí tí kò lè sanwó dísù. Kí wọ́n forúkọ wọn sílẹ̀. Kí wọ́n fún wọn ní bàtà tó le, ìbọ̀wọ́, aṣọ aláwọ̀ títàn àti abẹ́rẹ́ àrùn ipá, kí wọ́n pín òpópónà fún wọn, kí owó ohun tí wọ́n bá tà jẹ́ tiwọn. Ohun tí kánsù á gbà padà ni ìwé: kílò mélòó ike, mélòó irin, mélòó páálí. Fún ọ̀rá àti àwọn ohun tí kò ní èrè tó, kí kánsù fi owó díẹ̀ lé kílò kọ̀ọ̀kan. Yóò ṣì dín ju owó tí yóò fi gbé e lọ sí ààtàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sọ Hausa, nítorí náà kí ìkéde wà ní èdè méjèèjì.

Ilé onírúúmù mẹ́wàá, tí ayálégbé pọ̀ sí, ń fẹ́ àkíyèsí tirẹ̀. Ike àpapọ̀ kan nínú àgbàlá kì í ní olówó. Ẹni tó bá da pálapàla sí i, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí rúúmù kọ̀ọ̀kan ní bákẹ́ẹ̀tì tirẹ̀, kí wọ́n fi ọ̀dà kọ nọ́ńbà rúúmù sí i, kí bàbá onílé tàbí ẹni tó bá yàn jẹ́ ẹni tí kánsù ń bá sọ̀rọ̀. Lórí owó, kí kíkó tútù àti gbígbẹ jẹ́ ọ̀fẹ́, kí owó wà lórí àpò àṣẹ́kù. Àmọ́ kí wọ́n má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó yẹn ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Bí owó bá ṣáájú iṣẹ́ dé, gọ́tà ni àpò yóò gbà lọ lóru, láti gọ́tà dé odò.

Odò náà kì í ṣe odò lásán. Inú igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO fi kún ogún àgbáyé ní 2005, ló ń ṣàn gbà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì ń wá síbẹ̀ lóṣù kẹjọ ọdọọdún. Wọ́n lè sọ pé àwọn tó ń wa wúrà lápá Ìjẹ̀ṣà ló jẹ́ kí omi rẹ̀ pọ́n, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rá piọ́ wọ́tà tó há sára gbòǹgbò lẹ́bàá rẹ̀, àwa la jù ú. Lásìkò ọdún, kí àwọn ìyálọ́jà tó ń ta omi gba àpò ìrẹsì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúlà wọn, kí kẹ̀kẹ́ gbígbẹ sì máa kọjá níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́ títí ọdún á fi parí.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ń gbèrú? Ẹ má ṣe ka ohun tí wọ́n kó. Ẹ ka ohun tí olùrà gbà àti ohun tútù tó di ajílẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ èyí tí wọ́n dá padà, kí ẹ fi gbogbo ìdọ̀tí tó jáde ní wọ́ọ̀dù yẹn pín in. Fún ohun tútù, ìwúwo rẹ̀ nígbà tó dé ibi òkìtì ni kí ẹ lò, ẹ yọ ìwúwo ohun àìtọ́ tí wọ́n ṣà kúrò nínú rẹ̀. Òṣùwọ̀n ìkọ́ tó lè wọn 100 kílò tó. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ilẹ̀kùn: ilé tó gbé àpò gbígbẹ síta ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́ta tí ọkọ̀ wá léraléra ni kí ẹ kà sí pé ó ń kópa, torí ilé tí èèyàn kò pọ̀ sí lè má kún àpò rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Lóṣooṣù, ẹ mú àpò mẹ́wàá ní òpópónà kan, ẹ tú wọn sórí tapólì, ẹ wọn ohun tí kò yẹ kó wà níbẹ̀. Tí ó bá lé ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, kí wolé-wolé má mú ẹnikẹ́ni lọ sí kóòtù. Kó lọ sí òpópónà yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó ẹrù, kó fi ohun àìtọ́ náà han onílé lójúkojú, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí ilé tó ń kópa bá pọ̀ ṣùgbọ́n tí kílò kò pọ̀, babanbọ́là tí kò forúkọ sílẹ̀ ti ń ṣáájú ọkọ̀ dé. Bí kílò bá pọ̀ tí ilé tó ń kópa kò pọ̀, ilé ìtajà ni wọ́n ń kó.

Oṣù kọkànlá ló dára jù láti bẹ̀rẹ̀. Òjò ti dá, páálí kò ní rà, ewé gbígbẹ pọ̀ nílẹ̀ fún òkìtì, kẹ̀kẹ́ kò ní rì sínú ẹrẹ̀. Kí wọ́n lo wọ́ọ̀dù kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣogbo, wọ́ọ̀dù kan ní Ọlọ́rundá, ilé 200 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fi ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ wọn ìdọ̀tí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó pín bákẹ́ẹ̀tì kankan. Nígbà tí òjò bá padà dé lóṣù kẹta tàbí ìkẹrin, àwọn awakọ̀ á ti mọ ọ̀nà, ajílẹ̀ àkọ́kọ́ á sì ti ṣe tán fún àwọn tó fẹ́ gbin àgbàdo.